Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Darí Ètò Pàṣípààrọ̀ Àwọn Onímọ̀ Ìlera Aráàlú: Ẹ Ka Ọdún Ìpadàbọ̀ Mọ́ Ọn

Ẹ̀yin ọ̀gá wa,

Mo kí yín o. Mo kí ẹ̀yin tí ẹ wà ní yunifásítì, ẹ̀yin tí ẹ wà ní àjọ tó ń fowó sí ìwádìí, àti ẹ̀yin tí ẹ máa ń jókòó yí tábìlì ká tí ẹ ń ka ìwé ìbéèrè wa, tí ẹ ń sọ pé ẹni báyìí yóò lọ, ẹni báyìí yóò dúró. Ọ̀kan nínú àwọn tí ẹ mú lọ sílẹ̀ òkèèrè láti kọ́ iṣẹ́ ìwádìí ni mí. N kò ní gbàgbé oore náà láé. Bí ẹ ṣe gbà wá lálejò kọ́ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí àlejò bá ti di ẹrù rẹ̀, tó ti kí onílé pé ó dìgbóṣe, lohun tó gbé mi dìde.

Ọjọ́ tí fẹ́lóṣíìpù mi parí, ilé ni mo wà. Mo ti sinmi, mo ti kí ẹbí tán, mo wá jókòó ti kọ̀ǹpútà alágbèéká mi kí n lè máa bá iṣẹ́ tí mo kó bọ̀ lọ. Mo tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà mi, wọ́n ní kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ímeèlì tí mo fi ń bá àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ sọ̀rọ̀ ti kú. Mo lọ sí ilé ìkàwé wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ti tìlẹ̀kùn. Mo ní kí n kúkú ṣí dátà mi, kí n máa wo ohun tó wà níbẹ̀. Sọ́fítíwíà tí wọ́n fi oṣù mẹ́sàn-án kọ́ mi sọ fún mi pé àṣẹ tí mo fi ń lò ó ti parí. Fáìlì náà wà níwájú mi lójú kọ̀ǹpútà. Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ. Ìdáhùn àwọn ìyá ọlọ́mọ tí mo lọ ń bá láti ojúlé dé ojúlé kí n tó rìnrìn àjò ló wà nínú rẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́, mo tún un tẹ̀. Kò ṣí.

Ẹnikẹ́ni kò ṣe mí níkà. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó tọ́ mi sọ́nà níbẹ̀ jẹ́ ọmọlúàbí, ó sì bá mi bẹ̀bẹ̀ títí wọ́n fi dá ímeèlì náà padà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí ètò náà ṣe rí nìyẹn: ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá ti kúrò nínú ìwé wọn, kọ̀ǹpútà wọn kò mọ̀ ọ́n rí.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ síbi iṣẹ́. Inú wọn dùn láti rí mi. Ẹlòmíì ti wà nídìí tábìlì mi, n kò sì lè bínú sí i, nítorí ẹnìkan ní láti ṣe iṣẹ́ tí mo fi sílẹ̀ lọ. Ọ̀gá mi na tákàdá kan sí mi. Gbogbo kíláàsì tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti bá mi kọ́ nígbà tí mo wà lájò ni wọ́n tò síbẹ̀, tí wọ́n kó lé mi lọ́wọ́ fún odindi ọdún kan. "Ìwọ náà mọ̀ pé ó ti rẹ àwọn yẹn." Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Kí ni mo fẹ́ fi fèsì? Láàárín ọdún náà, alẹ́ ọjọ́ Sátidé nìkan ló kù fún mi láti fi ṣe ìwádìí, ọ̀pọ̀ Sátidé ni oorun sì gbà lọ́wọ́ mi.

Ohun tí mo kọ lẹ́tà yìí fún kò ju báyìí lọ: ọdún tí ẹni tí ẹ mú lọ bá padà sílé ni ètò yín máa ń yè tàbí kú, ọdún yẹn gan-an ni kò sì sí nínú ìwé ètò yín. Ẹ kà á mọ́ ọn. Ẹ fowó sí i, ẹ ya àkókò sọ́tọ̀ fún un, kí ẹ sì máa rán ènìyàn tirẹ̀ wá bá wa níbẹ̀.

Láti ọdún 1946 tí Sẹ́nétọ̀ J. William Fulbright ti gbé àbá rẹ̀ di òfin ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń pe irú ètò yìí ní pàṣípààrọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ibùdó Fogarty International Center dé lábẹ́ NIH, àjọ ìwádìí ìlera ti ìjọba Amẹ́ríkà, ní ọdún 1968, tí ètò Humphrey Fellowship sì tẹ̀ lé e ní 1978. Ọmọ tí kò bá dé oko baba ẹlòmíì rí ni yóò máa sọ pé kò sí oko tó tó ti baba òun, nítorí náà n kò ní bu ẹnu àtẹ́ lu lílọ. Níbi tí mo lọ ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń bi dátà léèrè ọ̀rọ̀ láì ti ìdáhùn sí i lẹ́nu. Níbẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí àgbà onímọ̀ tó sọ níwájú akẹ́kọ̀ọ́ pé, "Mo ṣe àṣìṣe." Irú nǹkan báyìí kò ṣeé kà nínú ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ wo òfin Amẹ́ríkà tó sọ pé ẹni tí owó ìjọba bá gbé wọ ìlú wọn lórí J-1, físà pàṣípààrọ̀, gbọ́dọ̀ padà sí orílẹ̀-èdè rẹ̀ fún ọdún méjì kó tó lè tọrọ àwọn irú físà kan tàbí ìwé ìgbélùú. Èrò tó wà nídìí rẹ̀ dára: kí ìmọ̀ má bàa dúró sójú kan. Àmọ́ òfin náà mọ ọ̀nà ilé mi, kò béèrè ohun tí mo máa bá níbẹ̀. Mo mọ àwọn tó padà tọkàntọkàn, tí wọ́n ka ọdún méjì yẹn tán bí ẹni ń ka ọjọ́ ẹ̀wọ̀n, tí wọ́n sì tún gbéra. Nígbà tí àwọn èèyàn bá ń pariwo pé àwọn ọ̀mọ̀wé ń sá lọ, àwọn wọ̀nyí ni mo máa ń rántí. Wọn kò sá. Wọ́n jókòó títí, wọn kò rí ohun tí wọ́n máa fọwọ́ ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn méjì tí ẹ̀yin náà mọ̀.

Dókítà Dilip Mahalanabis, ọmọ ilẹ̀ Íńdíà, ti ṣiṣẹ́ dókítà ọmọdé ní Ìlú Ọba kó tó padà sí Calcutta. Nígbà tó dé, ó bá ibi tó lè ki ọwọ́ bọ̀: ibùdó ìwádìí àti ìdálẹ́kọ̀ọ́ kan tí Johns Hopkins dá sílẹ̀ ní ìlú náà, níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ lórí kọ́lẹ́rà. Ní Dhaka, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Bangladesh lónìí, níbi tí ilé ìwádìí kọ́lẹ́rà ti wà láti ọdún 1960, àwọn ọ̀dọ́ dókítà Amẹ́ríkà méjì, David Nalin àti Richard Cash, ti bá àwọn dókítà ibẹ̀, Rafiqul Islam àti Majid Molla, ṣe ìwádìí tó jáde nínú jọ́nà ìṣègùn Lancet ní 1968. Wọ́n fi hàn pé ẹni tí kọ́lẹ́rà ti gbẹ lára lè fi ẹnu mu ohun tó máa dá omi ara rẹ̀ padà. Ìmọ̀ náà ti wà nílẹ̀. Ní 1971, ogun òmìnira Bangladesh lé àìmọye èèyàn kọjá ẹnubodè wọ Íńdíà, kọ́lẹ́rà sì bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn. Ní ilé ìwòsàn Bangaon, nítòsí ẹnubodè náà, omi tí wọ́n ń fà sí iṣan tán. Mahalanabis àti àwọn ènìyàn rẹ̀ padà sí Calcutta, wọ́n sọ yàrá ìkàwé ibùdó wọn di ibi tí wọ́n ti ń wọn ohun tí wọ́n máa pò pọ̀: glúkóòsì gíráàmù 22, iyọ̀ gíráàmù 3.5, sódà tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì gíráàmù 2.5, fún lítà omi kọ̀ọ̀kan. Wọ́n dì í sínú ọ̀rá, wọ́n kó o lọ. Ìyá, ẹ̀gbọ́n, ọkọ, ẹnikẹ́ni tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn ni wọ́n ní kó máa bu ú fún un mu. Nínú ọgọ́rùn-ún aláìsàn, nǹkan bí 30 ló ń kú tẹ́lẹ̀. Ó já wálẹ̀ sí 3.6. Ní 1978, jọ́nà Lancet kọ ọ́ pé ó ṣeé ṣe kí èyí jẹ́ ìtẹ̀síwájú tó ṣe pàtàkì jù nínú ìmọ̀ ìṣègùn ọ̀rúndún náà.

Ẹ bá mi wò ó. Ká ní nígbà tí ọkùnrin yìí ti Ìlú Ọba dé ni wọ́n na ìwé kíláàsì odindi ọdún kan sí i, tí kò sí ibùdó, tí kò sí òṣùwọ̀n, tí kò sí àwọn ẹlẹgbẹ́ ní Dhaka tí wọ́n jọ ń ronú, kí ni ìbá gbé lọ sí Bangaon? Ìmọ̀ inú orí rẹ̀ nìkan. Ìmọ̀ inú orí kì í ṣe ohun tí aláìsàn ń mu.

Ìtàn kejì fi ìhà kejì hàn. Jean-Jacques Muyembe gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ fáírọ́ọ̀sì ní Leuven, ní Bẹ́ljíọ́mù, ó sì padà sí Kóńgò. Ní 1976, àìsàn kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ rẹ̀ ń pa èèyàn ní abúlé Yambuku, òun ni wọ́n rán lọ. Kò ní ìbọ̀wọ́. Ọwọ́ lásán ló fi gba ẹ̀jẹ̀ lára àwọn aláìsàn. Ó mọ ohun tó yẹ kí wọ́n wá nínú ẹ̀jẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ní Kinshasa kò sí láàbù tó lè wá a. Inú fláàsì ni wọ́n gbé ẹ̀jẹ̀ sí, wọ́n kó o sínú ọkọ̀ òfuurufú, ó di Antwerp ní Bẹ́ljíọ́mù. Àwọn tó wà níbi tí ohun èlò wà ni ayé pè ní olùṣàwárí Ebola, ó sì pẹ́ gan-an kí orúkọ Muyembe tó wọ ìtàn náà. Ọkùnrin yìí kan náà ló jókòó ti iṣẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwádìí INRB ní Kinshasa fún ọ̀pọ̀ ọdún títí ibẹ̀ fi di ibi tí wọ́n ti ń dá Ebola mọ̀ fúnra wọn. Nínú ẹ̀jẹ̀ ẹnìkan tó la àjàkálẹ̀ Ebola ìlú Kikwit ti 1995 já ni òun àti àwọn onímọ̀ NIH ti rí ohun tó di mAb114, oògùn Ebola. INRB wà lára àwọn tó darí ìdánwò oògùn náà ní Kóńgò láti oṣù Kọkànlá 2018, Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i ní oṣù Kejìlá 2020. Ẹni kan náà, orí kan náà. Ní 1976 ó ní ìmọ̀, kò ní láàbù. Ní 2018 ó ní méjèèjì.

Mo mọ̀ pé ẹ máa sọ pé ẹ̀yin kò lè kọ́ láàbù sí ilé gbogbo ẹni tó bá ti ọ̀dọ̀ yín padà. Ẹnikẹ́ni kò ní kí ẹ kọ́ ọ. Ohun tí mo ń béèrè kéré sí ìyẹn, àwọn kan sì ti ń ṣe é. TDR, ètò ìwádìí àrùn ilẹ̀ olóoru tí Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àwọn alábàáṣe rẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1975, ti fún àwọn tó kọ́ ní owó ìpadàbọ̀ rí, tó túmọ̀ sí pé ẹni tó parí ẹ̀kọ́ ń bá owó ìwádìí kékeré pàdé nílé rẹ̀. CARTA, àjùmọ̀ṣe àwọn yunifásítì àti ilé ìwádìí Áfíríkà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2008, tí ilé ìwádìí APHRC ní Nairobi àti Yunifásítì Witwatersrand ní South Africa ń darí, kò tilẹ̀ mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Yunifásítì Áfíríkà ni wọ́n ti ń gba oyè ọ̀mọ̀wé, wọ́n ń pàdé fún ẹ̀kọ́ àjùmọ̀ṣe lóòrèkóòrè, owó ìpadàbọ̀ sì wà fún àwọn tó bá parí. Ní Thailand, láti ọdún 1980, wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ àrùn fún ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba wọn gan-an, níbi tí àjàkálẹ̀ bá ti bẹ́ sílẹ̀. Àwòṣe Amẹ́ríkà ti 1951 ni wọ́n gbé wá, wọ́n sì tún un ṣe kó bá ilé wọn mu. Akẹ́kọ̀ọ́ irú ètò bẹ́ẹ̀ kì í ní ọdún ìpadàbọ̀, nítorí pé kò lọ níbi kankan.

Nítorí náà, ẹ bá mi gbé àwọn nǹkan kéékèèké yìí yẹ̀ wò, nítorí àwọn kéékèèké ló ń pa wá jù.

Sọ́fítíwíà ni mo fẹ́ fi ṣáájú. Ẹ fi ohun tí a máa ní nílé kọ́ wa. Sọ́fítíwíà kan tó ń jẹ́ R wà, ọ̀fẹ́ ni, àwọn onímọ̀ ìṣirò méjì ní Yunifásítì Auckland, ní New Zealand, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní àwọn ọdún 1990, kò sì sí iṣẹ́ tí mo kọ́ lọ́dọ̀ yín tí kò lè ṣe. Ìgbà tí mo padà dé ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, lọ́jọ́ Sátidé, bí ọmọ iléèwé. Bí ẹ bá sì ti mú wa wọ ilé ìkàwé yín, ẹ má ti ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ́jọ́ tí a bá wọ ọkọ̀ òfuurufú. Lóòótọ́, láti 2002 ni Hinari, ètò Àjọ Ìlera Àgbáyé, ti ń ṣí ọ̀pọ̀ jọ́nà sílẹ̀ fún àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ìwé tí a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lọ́dọ̀ yín ń béèrè jọ́nà tí a kà lọ́dọ̀ yín. Ọdún méjì péré la ń tọrọ. Kí ni yóò gbà lọ́wọ́ yunifásítì kí orúkọ kan wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ fún ọdún méjì sí i?

Èyí tó wà níbẹ̀ gan-an ni àkókò. Kí n tó lọ, ọ̀gá mi bu ọwọ́ lu ìwé kan pé òun yọ̀ǹda mi. Ìwé náà kò sọ ohunkóhun nípa ìgbà tí mo bá padà. Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́. Kí a kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọjọ́ méjì nínú ọ̀sẹ̀ jẹ́ ti ìwádìí fún ọdún méjì lẹ́yìn ìpadàbọ̀, kí ẹ sì san owó ẹni tó máa kọ́ kíláàsì tí a fi sílẹ̀, kí ó má bàa dà bíi pé àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ni a fi jìyà. Ìlara tó máa ń wà láàárín ẹni tó lọ àti ẹni tó dúró, ibí yìí ló ti ń wá. Ẹni tó dúró ti gbé ẹrù ẹni tó lọ, kò sì sí ẹni tó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ní kí ẹ máa rán ènìyàn wá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ẹ ń rán wá kì í lò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Wọ́n á dé, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á gba dátà, wọ́n á lọ. Ọ̀mọ̀wé kan péré ló dúró fún oṣù mẹ́wàá lọ́dọ̀ wa, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ohun tí oṣù mẹ́wàá ṣe. Iṣẹ́ rẹ̀ dá lórí ìròyìn àìsàn tí àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù. Ó ti rí i nínú dátà pé ní àwọn oṣù kan, ibi púpọ̀ kò ní aláìsàn kankan: òdo, òdo, òdo. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdí tí àìsàn fi máa ń sinmi lásìkò yẹn. Bí kò bá ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó lò lọ, ìbá ti kọ ọ́ jáde bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní àyè, ó wá lọ ń jókòó ti bàbá tó ń tọ́jú ìwé àkọsílẹ̀ ní ọ̀kan nínú àwọn ilé ìwòsàn náà. Ní ọjọ́ kẹrin, bàbá náà fa dúrọ́ọ̀ rẹ̀ yọ, ó ní, "Fọ́ọ̀mù tán lóṣù yẹn. Mi ò kọ nǹkan kan." Aláìsàn kún ìta. Kọ̀ǹpútà tó wà lókè ló sọ òfìfo di òdo.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ọ̀mọ̀wé náà fi orúkọ bàbá yẹn sí ara àwọn tó kọ ìwé náà, kò fi í sí ìsàlẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń dúpẹ́. Ohun tí Àkọsílẹ̀ Cape Town tó ti ìpàdé àgbáyé lórí òtítọ́ inú ìwádìí ní 2022 wá ń béèrè fún nìyẹn, pé kí ẹ̀tọ́ dọ́gba láàárín àwọn tó jọ ṣiṣẹ́. Èmi rí i kó tó di ọ̀rọ̀ ìpàdé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dúrọ́ọ̀ kan. Àti pé ní oṣù mẹ́wàá yẹn, ọ̀mọ̀wé yìí kan náà ló jókòó tì mí tí a fi parí ìwé tèmi. Ohun tí mo kó ti ọ̀dọ̀ yín bọ̀ rí ẹni bá a sọ̀rọ̀.

Mo mọ̀ pé àsìkò yìí le. Ní oṣù Karùn-ún 2025, NIH kéde pé òun kò ní fọwọ́ sí owó ìwádìí tuntun tó ń gba ọwọ́ ilé ẹ̀kọ́ kan kọjá sí alábàáṣe nílẹ̀ òkèèrè títí ìlànà mìíràn yóò fi wà nílẹ̀. Ẹ̀yin náà ń gé owó, ẹ ń wá ohun tí ẹ máa yọ. Ohun tí mo ń bẹ̀rù ni pé owó ìpadàbọ̀ ni yóò kọ́kọ́ lọ, nítorí pé kò ní fọ́tò, kò ní ayẹyẹ ìkíni-káàbọ̀. Bí ẹ bá ní láti yàn, ẹ mú èèyàn mẹ́fà lọ dípò mẹ́wàá, kí ẹ sì fi ohun tó kù tẹ̀ lé àwọn mẹ́fà náà délé. Kí owó náà sì gba ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tiwọn gan-an, ní orúkọ tiwọn, kó má jẹ́ pé bí okùn kan bá já lọ́dọ̀ yín, gbogbo ohun tí a so kọ́ ọ á wó lulẹ̀ lọ́dọ̀ wa.

Ẹni tó jókòó sídìí tábìlì mi nígbà tí mo wà lájò ti gba lẹ́tà yín báyìí. Oṣù Kẹsàn-án ló ń lọ. Ó wá bá mi, ó ní kí ni òun máa dì dání. Mo ní kó bẹ̀rẹ̀ R kó tó gbéra, kó da dátà rẹ̀ kọ sí ibi méjì, kó sì jẹ́ kí ọ̀gá wa kọ ọjọ́ méjì nínú ọ̀sẹ̀ yẹn sílẹ̀ kí ó tó wọ ọkọ̀. Mo tún ní kó béèrè lọ́wọ́ yín, ní ọ̀sẹ̀ tó bá kọ́kọ́ dé, ọjọ́ tí ẹ máa pa ímeèlì òun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti wá ìdáhùn sí i kó tó dé.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ẹni tí ẹ mú lọ, tó sì padà sílé